Ìlà Tó Fò Sórí Owó Tuntun: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan Láàárín Àwọn Aláró Òṣogbo

Ọ̀rọ̀ tó gbé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn aláró kan jókòó ní Òṣogbo, nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ọ̀rọ̀ owó ni lójú àwọn tó gbé e wá. Oníbàárà kan tó ń kó àdìrẹ lọ tà ní Èkó san ₦18,000 lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan aṣọ ẹlẹ́kọ tí ẹgbẹ́ ti sọ di ₦22,000. Nígbà tí akápò pè é, obìnrin náà fèsì pé òun kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ó ní àwọn fúnra wọn ni wọ́n fa ìlà gba orí 22000 nínú àtẹ̀jíṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́, tí wọ́n sì fi 18000 sílẹ̀ gedegbe. Akọ̀wé ẹgbẹ́ búra pé orí 18000 ni òun fa ìlà sí. Wọ́n gbé fóònù àwọn méjèèjì síra. Bí oníbàárà ṣe sọ ọ́ ló rí lórí fóònù tirẹ̀, bí akọ̀wé ṣe sọ ọ́ ló rí lórí tirẹ̀.

Wọ́n ránṣẹ́ pè mí, nítorí iṣẹ́ títún kọ̀ǹpútà ṣe àti bíbójú tó sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gba ọ̀rọ̀ wọlé tó sì ń pín in fún àwọn yòókù, ni mo ń ṣe ní Òkè-Fìà. Ìyá Ẹgbẹ́ kò tiẹ̀ jẹ́ kí n jókòó dáadáa. "Ọmọ mi, èwo nínú àwọn méjèèjì ló ń purọ́?" Mo ní, "Mà, ẹ jẹ́ kí n wo ohun tó wà láàárín wọn ná."

Mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ nítorí pé ohun tó ṣẹlẹ̀ yìí lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ Yorùbá bó ṣe yẹ kí wọ́n kọ ọ́, tàmì-tàmì. Ìdí mìíràn tún ni pé ojútùú tí wọ́n kọ́kọ́ mú wá, èyí tó dà bíi pé ó rọrùn jù lọ, kò bójú mu rárá.

Ẹgbẹ́ yìí ní sáfà tiwọn. XMPP, ìlànà kan fún fífi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, ni sáfà náà fi ń ṣiṣẹ́. Jeremie Miller ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1998 lábẹ́ orúkọ Jabber, IETF, àjọ tó ń ṣe ìlànà Íńtánẹ́ẹ̀tì, tẹ̀ ẹ́ jáde gẹ́gẹ́ bí ìlànà gbogboogbò ní 2004, wọ́n sì tún un ṣe ní 2011. Ohun tó dára nínú rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni lè gbé sáfà tirẹ̀ kalẹ̀ láì tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kankan, bí ìgbà tí ènìyàn gbé sáfà ímeèlì tirẹ̀ kalẹ̀. Àwọn aláró fẹ́ràn èyí gan-an, torí pé fọ́tò àwọn iṣẹ́ ọnà tí wọ́n ń yà sára aṣọ wà ní ìkáwọ́ wọn. Ìlú aró ni Òṣogbo, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kí àwòrán tí òun fi ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ yà sára aṣọ ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ tẹ aṣọ kí aṣọ tòun tó gbẹ.

Àwọn oníbàárà kò sí lórí sáfà yẹn o. Áàpù mìíràn tó gbajúmọ̀ ni wọ́n ń lò. Afárá ló so ibi méjèèjì pọ̀, ìyẹn ètò kékeré kan tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan kọ fún ẹgbẹ́ kó tó rìnrìn àjò kúrò nílùú. Bí akọ̀wé bá kọ nǹkan sínú yàrá ẹgbẹ́, afárá á gbà á, á tún un tò lọ́nà tí áàpù kejì fi máa yé e, á sì gbé e sọdá. Iṣẹ́ tó mọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà ni. Mo ka gbogbo ohun tó kọ, mo sì rí i pé ó mọ ohun tó ń ṣe.

Ọjà kọ̀ọ̀kan ló ní àtẹ̀jíṣẹ́ tirẹ̀, fọ́tò kan pẹ̀lú ìlà ọ̀rọ̀ kan: orúkọ aṣọ, lẹ́yìn náà iye owó. Bí owó bá yí padà, akọ̀wé kì í pa ti àtijọ́ rẹ́ pátápátá. Ó máa ń fa ìlà gbà á lórí, á wá kọ tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bí àwọn ìyá wa ṣe ń fi bírò ṣe é sínú ìwé gbèsè. Oníbàárà á rí i pé ọjà ti gbówó lórí, á sì mọ iye tó fi lé e. Òótọ́ inú ló wà nínú àṣà yẹn, mo sì fẹ́ràn rẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ áàpù ti ń ṣìnà. Wọ́n rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni kí lẹ́tà ki, kí ó dagun, tàbí kí ìlà gbà á kọjá, pé bí ó bá sọnù lójú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Nínú "Àdìrẹ ẹlẹ́kọ 18000 22000", bí ẹ bá yọ ìlà kúrò, nọ́ńbà méjì ló kù tí ẹnikẹ́ni kò mọ èwo ni ká san. Bí ẹ bá sì gbé e sórí nọ́ńbà kejì, ẹ ti pa irọ́ tí akọ̀wé kò pa.

Mo ní kí wọ́n ṣí àkọsílẹ̀ sáfà fún mi. Nínú àtẹ̀jíṣẹ́ akọ̀wé, apá méjì ló wà. Apá kìíní ni ọ̀rọ̀ gan-an, láìsí ìlà kankan lórí rẹ̀. Apá kejì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ẹlẹ́rìí, ó ń sọ pé láti ipò 19 títí kó tó kan ipò 24, kí wọ́n fa ìlà gbà á kọjá. Ìyẹn ni ọ̀nà tí XEP-0394 là kalẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn àfikún ìlànà XMPP: jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dá dúró, kí o sì fi nọ́ńbà júwe ibi tí ìrísí rẹ̀ ti yàtọ̀.

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ níbí, torí pé gbogbo ọ̀rọ̀ náà rọ̀ mọ́ ọn. Láti ìgbà tí àwọn ènìyàn ti ń fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀nà bíi mélòó kan ni wọ́n ti gbà sọ fún ẹ̀rọ kejì pé kí ọ̀rọ̀ kan ki tàbí kí ó ní ìlà. Àwọn kan ń fi àmì sáàárín ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ti IRC, ètò ìtàkùrọ̀sọ àtijọ́ kan, níbi tí báìtì kan (ẹyọ kékeré tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú ọ̀rọ̀) tí ojú kò lè rí, nọ́ńbà 2, ti ń sọ pé kí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e ki. Bẹ́ẹ̀ náà ni WhatsApp láti 2016, ìràwọ̀ fún lẹ́tà tó ki, àmì ~ fún ìlà. Àwọn kan ń fi ìjúwe sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀, bí àpẹẹrẹ Telegram, tó ń sọ ibi tí ìrísí ti bẹ̀rẹ̀ àti bó ṣe gùn tó. Matrix, ìlànà àtẹ̀jíṣẹ́ mìíràn, ń fi ẹ̀dà méjì ránṣẹ́ ní tirẹ̀, ọ̀kan lásán, ọ̀kan pẹ̀lú HTML, àwọn àmì tí wọ́n fi ń ṣe ojú ewé Íńtánẹ́ẹ̀tì, kí áàpù mú èyí tí apá rẹ̀ ká. Ìyẹn náà ní ewu tirẹ̀, torí kò sí ohun tó fi dandan lé e pé kí ẹ̀dà méjèèjì sọ ohun kan náà.

Ìjúwe ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ mọ́ tónítóní. Kò sí àmì kankan tó máa hàn lójú ẹni tó ń kà, kò sì sí ìjà lórí bóyá ìràwọ̀ tí ènìyàn tẹ̀ jẹ́ ìràwọ̀ lásán tàbí àṣẹ. Ṣùgbọ́n ó béèrè pé kí ẹni tó fi ránṣẹ́ àti ẹni tó gbà á ka ọ̀rọ̀ náà bákan náà, kí ọ̀rọ̀ náà má sì yí padà ní ọ̀nà, bó ti wù kó kéré mọ. Fún ẹni tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì, ó ṣòro kí èyí yẹ̀. Tiwa kọ́ nìyẹn.

Ẹ wo lẹ́tà ẹ́, ẹ tó ní àmì òkè lórí. Lójú wa, lẹ́tà kan ni. Nínú Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà àti àmì gbogbo èdè ní nọ́ńbà, ẹyọ kan fún nọ́ńbà kan, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ọ àti ṣ náà ní tiwọn, à àti á náà ní tiwọn. Ẹ́ àti ọ̀ kò ní. Ẹyọ méjì ni wọ́n ní láti tò pọ̀ kí ojú tó rí ọ̀kan. Àwọn ará Vietnam, tí àmì pọ̀ nínú ìwé wọn ju tiwa lọ, rí nọ́ńbà kan ṣoṣo gbà fún lẹ́tà wọn kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń bójú tó Unicode kò sì ní fi irú lẹ́tà alápapọ̀ bẹ́ẹ̀ kún un mọ́, torí ó máa da àwọn ìwé tó ti wà nílẹ̀ rú. Bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà Yorùbá kan náà ṣe ní ju ọ̀nà ìkọsílẹ̀ kan lọ. Ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní NFC máa ń kó gbogbo ohun tó ṣeé kó pọ̀ sójú kan. NFD máa ń tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀: lẹ́tà lọ́tọ̀, àmì ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀, àmì ohùn lọ́tọ̀. Ojú kò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ẹ̀rọ tó ń ka ipò mọ̀ ọ́n.

Kíbọ́ọ̀dù orí kọ̀ǹpútà akọ̀wé jẹ́ irú èyí tó ń tú u palẹ̀. Ó tẹ a, ó tẹ àmì. Ó tẹ e, ó tẹ àmì ìsàlẹ̀, ó tún tẹ àmì òkè. Àdìrẹ, tí ojú rí bíi lẹ́tà 5, di ẹyọ 8 lọ́dọ̀ rẹ̀: À jẹ́ méjì, d ọ̀kan, ì méjì, r ọ̀kan, ẹ méjì. Ẹlẹ́kọ, lẹ́tà 5, di ẹyọ 9, torí pé ẹ́ nìkan gba mẹ́ta. Ẹ fi àlàfo méjì kún un, ó di 19. Kọ̀ǹpútà ń bẹ̀rẹ̀ ìkà láti òdo, nítorí náà ipò 19 gan-an ni 1 tó bẹ̀rẹ̀ 18000 wà. Akọ̀wé kò purọ́. Áàpù rẹ̀ kà á dáadáa, ó sì kọ ọ́ dáadáa.

Lẹ́yìn náà ni afárá gbà á. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó sọ ọ̀rọ̀ náà di NFC. Àdìrẹ di ẹyọ 5. Ẹlẹ́kọ di ẹyọ 6, torí pé ẹ́ ṣì gba méjì. Ẹyọ mẹ́ta dín lára ọ̀rọ̀ kìíní, ẹyọ mẹ́ta dín lára ìkejì, mẹ́fà lápapọ̀. 18000 tó wà ní ipò 19 sún padà sí ipò 13. Ìjúwe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò sún rárá. Ó ṣì ń sọ pé ipò 19 sí 24. Kí ló wá dé ipò 19? Nọ́ńbà márùn-ún àti àlàfo kan, mẹ́fà náà nìyẹn. 22000 ló wà níbẹ̀. Ìlà náà fò kúrò lórí owó àtijọ́, ó sì bà sórí owó tuntun láìṣẹ́kù ẹyọ kan, láìlé ẹyọ kan.

Mo kà á lórí ìwé, mo tún un kà. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan níwájú Ìyá Ẹgbẹ́ kó lè rí i fúnra rẹ̀. Ó bá mi kà á débi mẹ́fà kejì, ó ní, "Háà! Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fẹ́ ká máa pe ara wa ní olè?"

Ìbéèrè tó kù ni pé kí ló dé tí kò sẹ́ni tó rí i tẹ́lẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé afárá ti ń ṣiṣẹ́ tipẹ́. Mo wo àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ mìíràn. Akọ̀wé máa ń kọ orúkọ aṣọ Kampala láìsí àmì, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sára pátákó ìsọ̀ ní ọjà Ìgbọ̀nà. Kò sí ohun tí NFC máa kó pọ̀ nínú rẹ̀, ìlà rẹ̀ sì bà síbi tó yẹ lójoojúmọ́. "Àdìrẹ oníko 15000 17500" ní tirẹ̀ dín ẹyọ mẹ́rin, mẹ́ta lára Àdìrẹ, ọ̀kan lára oníko. Ìlà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo tó gbẹ̀yìn 15000, ó gba orí àlàfo, ó sì dúró sórí 175. Ìránkúràn-án ni ó rí lójú àwọn oníbàárà, wọ́n sì pe akọ̀wé láti béèrè iye tó jẹ́. Ó rò pé fóònù wọn ló ti gbó. Ti ẹlẹ́kọ ló burú jù, torí kò jọ àṣìṣe rárá. Ó jọ ọ̀rọ̀ tí ènìyàn gidi kọ: ọjà tó jẹ́ 22000 tẹ́lẹ̀, wọ́n ti dín in kù sí 18000 nítorí ọdún tó ń bọ̀. Ta ló máa béèrè lórí ìyẹn?

Mo gbọ́dọ̀ sọ ìdí tí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn fi ń sọ ọ̀rọ̀ di NFC, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé àìbìkítà ni. Àwọn oníbàárà ló ráhùn pé àwọn kì í rí àtẹ̀jíṣẹ́ àtijọ́ bí àwọn bá wá "ẹlẹ́kọ" nínú áàpù wọn. Kíbọ́ọ̀dù fóònù wọn ń kọ ọ́ pọ̀, ti akọ̀wé ń kọ ọ́ tú, áàpù kò sì mọ̀ pé ọ̀kan náà ni. Ó fẹ́ kí Yorùbá ṣeé wá. Ohun tó dára ló ṣe. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ iṣẹ́ ló ṣì: ó yí ọ̀rọ̀ padà lẹ́yìn tí wọ́n ti ka ipò tán, kò sì tún ipò náà kà.

Nígbà tí mo sọ èyí ní ìpàdé, akápò, bàbá àgbà kan tó mọ ìṣirò dáadáa, gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi. "Ó ti yé mi. Kí akọ̀wé máa kọ ọ́ láìfi àmì sí i, bí gbogbo ayé ṣe ń kọ ọ́. Ṣebí a máa kà á." Ọ̀pọ̀ àwọn tó wà níbẹ̀ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Akọ̀wé wolẹ̀.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀." Inú mi ò dùn sí i, mo sì jẹ́ kó hàn. Ọmọbìnrin yìí nìkan ni ẹni tó ń kọ èdè wa bí ó ti yẹ nínú gbogbo ẹgbẹ́ náà, òun ló sì kọ́ ara rẹ̀ ní kíbọ́ọ̀dù yẹn. Ṣé òun náà la máa wá ní kó dẹ̀yìn, nítorí pé ẹ̀rọ kan kò mọ̀ ọ́n kà? Àǹfààní rẹ̀ pàápàá kò ní pẹ́. Lọ́jọ́ tí oníbàárà kan bá kọ orúkọ ara rẹ̀ tàmì-tàmì sínú àtẹ̀jíṣẹ́ tó ní ìlà tàbí lẹ́tà tó ki, aṣọ ọ̀rọ̀ náà á tún ya lójú ibi kan náà. Ẹ ò lè ránṣẹ́ sí gbogbo oníbàárà pé kí wọ́n gé orúkọ wọn kúrú. Àwọn ìlànà yìí kò béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí: XEP-0394 sọ ohun tí wọ́n máa fi ka ipò, ẹyọ Unicode ni, Telegram náà sì sọ tirẹ̀, UTF-16 ni, ọ̀nà ìkọsílẹ̀ mìíràn tí ẹyọ Unicode kan lè gba ẹyọ méjì nínú rẹ̀. Ẹni tó bá kọ afárá ló ni ẹrù láti mú kí kíka ipò lápá méjèèjì bára mu. Akápò gbọ́ mi tán, ó ní, "Ó dáa, kí lẹ máa ṣe sí i?" Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá fún ìyẹn, torí kì í ṣe gbogbo àgbà ló ń yí ọ̀rọ̀ padà níwájú ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ọ̀nà kan wà tí XMPP ti lò tẹ́lẹ̀ tí mo kọ̀ láti gbé jáde, XHTML-IM, XEP-0071. HTML ni wọ́n ń fi sínú àtẹ̀jíṣẹ́ lábẹ́ ọ̀nà yẹn. Ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n áàpù tí kò bá sẹ́ ẹ dáadáa kó tó gbé e sójú lè gba kóòdù ọ̀tá wọlé pẹ̀lú rẹ̀, ó sì ṣẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi pa á tì ní 2018. Ẹgbẹ́ tí kò ní ẹni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà wọn lójoojúmọ́ kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn.

Ohun tí a yàn ni XEP-0393, tí wọ́n ń pè ní Message Styling. Àmì inú ọ̀rọ̀ ni: ~18000~ fún ìlà, ìràwọ̀ kan níwájú àti ọ̀kan lẹ́yìn fún lẹ́tà tó ki, àmì _ fún èyí tó dagun. Kò sí kíka ipò kankan nínú rẹ̀. Bí ẹ bá kó lẹ́tà pọ̀, bí ẹ bá tú u palẹ̀, ~ ṣì wà lápá òsì 18000 àti lápá ọ̀tún rẹ̀. Bí áàpù kan kò bá tilẹ̀ mọ ìlànà náà, ẹni tó ń kà á á rí ~18000~, á sì mọ̀ pé nǹkan kan ṣe owó yẹn. Ìlànà náà tún dámọ̀ràn pé kí áàpù má ṣe yọ àmì wọ̀nyí kúrò lójú, kí ó fi wọ́n hàn pẹ̀lú ìrísí náà. Àwọn kan kò fẹ́ràn ìyẹn torí pé kò lẹ́wà. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ fún iṣẹ́ owó, ẹni tó gba ọ̀rọ̀ ń rí ohun tí ẹni tó fi ránṣẹ́ tẹ̀ gan-an. Kò gba akọ̀wé ní àkókò láti mọ̀ ọ́n, ó ti ń lò ó lórí WhatsApp tẹ́lẹ̀.

Ó ní ìlànà tirẹ̀ tí a ní láti fi kọ́ wọn. Àmì tó ṣí ìrísí gbọ́dọ̀ wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tàbí lẹ́yìn àlàfo, kò sì gbọdọ̀ sí àlàfo láàárín òun àti ohun tó ń mú. Èyí tó ń tì í náà kò gbọdọ̀ ní àlàfo níwájú rẹ̀. Akọ̀wé kọ "~ 18000 ~" nígbà àkọ́kọ́, kò sì sí ìlà tó jáde. Ó mú àlàfo kúrò, ó sì jáde.

Afárá náà ní àtúnṣe, torí áàpù àwọn oníbàárà ṣì ń gba ìjúwe ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀. Ní báyìí, ó máa kọ́kọ́ sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di NFC, kó tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Lẹ́yìn náà ló máa wá àwọn àmì ~ àti ìràwọ̀, á wá ka ipò wọn nínú ọ̀rọ̀ tó máa fi ránṣẹ́ gan-an, pẹ̀lú ẹyọ tí áàpù kejì ń lò. Bí ìjúwe bá ti wọlé pẹ̀lú nọ́ńbà láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣì ń lo ọ̀nà àtijọ́, afárá á tún nọ́ńbà náà kà lẹ́tà sí lẹ́tà. Bí kò bá lè ṣe é, á ju ìrísí náà nù, á sì fi ọ̀rọ̀ kan síwájú pé ìrísí àtẹ̀jíṣẹ́ yìí ti sọnù. Mo rò pé ó sàn kí oníbàárà pe akọ̀wé ju kí ó gba ìlà tó jókòó síbi tí kò yẹ gbọ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ tí mo fi ń dán an wò ni Ọ̀ṣun. Lẹ́tà 4 lójú, ẹyọ 5 ní NFC, ẹyọ 7 ní NFD. Báìtì rẹ̀ ní UTF-8, ọ̀nà kan tí kọ̀ǹpútà ń gbà tọ́jú ọ̀rọ̀, jẹ́ 10, ìbáà wà ní kíkópọ̀ tàbí ní títú palẹ̀. Ètò tó bá ń fi iye báìtì wò ó bóyá ọ̀rọ̀ yí padà á sọ fún ẹ pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo dá ẹnikẹ́ni tó ń kọ áàpù fún àwọn ọmọ Yorùbá lámọ̀ràn pé kí ó fi ọ̀rọ̀ yìí àti "Àdìrẹ ẹlẹ́kọ 18000 22000" sínú àwọn ohun tó ń dán wò, kó tó gbé nǹkan jáde.

Èmójì ni ìpín kejì ìdánwò náà. Ìyá Ẹgbẹ́ fẹ́ràn láti fi òbìrípo aláwọ̀ búlúù, 🔵, síwájú àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀, àwọ̀ aró. Ẹyọ Unicode kan ni, ṣùgbọ́n méjì ni ní UTF-16. Bí afárá bá gbé nọ́ńbà XEP-0394 lọ bẹ́ẹ̀ fún áàpù tó ń ka UTF-16, ìlà á sún sẹ́yìn ní ẹyọ kan fún òbìrípo kọ̀ọ̀kan tó wà níwájú rẹ̀. A rí i, a tún un ṣe. Ìyá ṣì ń fi òbìrípo rẹ̀ síbẹ̀.

Ohun kan ṣì wà tí ìlànà kankan kò lè gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀. Bí àtẹ̀jíṣẹ́ bá yọ lójú fóònù tí wọ́n ti tì pa, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìlà kì í hàn níbẹ̀. Bàbá kan nínú àwọn oníbàárà, tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, máa ń jẹ́ kí fóònù ka àtẹ̀jíṣẹ́ sí òun létí. Nọ́ńbà méjì ló ń gbọ́, kò sí ìlà tí etí lè gbọ́. Nítorí náà a gbà pé lórí owó, kí ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ máa sọ ọ́: "Àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ~18000~ tẹ́lẹ̀, 22000 ní báyìí." Ìlà wà fún ojú tó ń sáré kà. Ọ̀rọ̀ wà fún gbogbo ẹni tó kù. Akọ̀wé ní ó gùn díẹ̀ sí i, ó sì ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ní ti owó tó dá ìjà sílẹ̀, ìpàdé gbà pé oníbàárà kò jẹ̀bi. Ohun tó rí ló san. Akọ̀wé náà kò jẹ̀bi, wọ́n sì sọ ọ́ sójú rẹ̀, níwájú gbogbo ẹgbẹ́, èyí tó ṣe pàtàkì fún mi ju owó lọ. Àpò ẹgbẹ́ gbé ₦4,000 tó kù lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún àwọn tó rẹ aṣọ náà, kí ìyà má bàa jẹ ẹni tó ti fi ọwọ́ bọ aró. Oníbàárà pè padà fúnra rẹ̀ nígbà tó gbọ́, ó ní òun á san ìdajì rẹ̀ lórí ọjà tó kàn. Ìyá Ẹgbẹ́ dúpẹ́, kò gbà á.

Iṣẹ́ kan ló kù lórí afárá. Bí akọ̀wé bá tún àtẹ̀jíṣẹ́ ṣe lẹ́yìn tó ti fi ránṣẹ́, XMPP máa ń gbé ọ̀rọ̀ tuntun wá gẹ́gẹ́ bí àtúnṣe ti àtijọ́, afárá sì ń gbé e sọdá gẹ́gẹ́ bí àtẹ̀jíṣẹ́ tuntun pátápátá. Oníbàárà á wá ní méjì lọ́wọ́, pẹ̀lú owó méjì. Títí n ó fi parí ìyẹn, ohun tí a fẹnu kò sí ni pé kí akọ̀wé má ṣe tún iye owó ṣe nínú àtẹ̀jíṣẹ́ tó ti lọ. Kí ó kọ òmíràn, kí ó sì fi ọjọ́ síwájú rẹ̀.